Ohun Tó Ti Yé Mi Tẹ́lẹ̀

Òórùn òrí tí wọ́n fi ewé sè ló máa ń jí mi ní ọdún yẹn, kì í ṣe àkùkọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Ìyá mi á ti gbé ìkòkò kékeré kaná lẹ́yìn ilé, kí ó lè fi òrí gbígbóná náà ra itan mi kí oòrùn tó yọ, bí bàbá tó bá mi to egungun ṣe pàṣẹ. Bó bá ti ń rà á, èmi á máa wo ojú ọ̀nà láti ojú fèrèsé. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú aṣọ kakí, ẹni méjì lórí kẹ̀kẹ́ kan, eruku pupa á bò wọ́n dé orúnkún, ẹ̀rín wọn á sì ti dé ọ̀dọ̀ mi kí àwọn fúnra wọn tó dé. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo fi wà nílé, wọ́n máa ń yà kí mi. Nígbà tó yá, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n kàn ń kọjá.

Orí igi máńgòrò ni mo ti já bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo ti ń di ọmọge, kò sì sí ẹni tó rán mi gun igi. Ìyá mi kò jẹ́ kí n gbàgbé. "Ọ̀bọ gan-an kì í já," ni ó máa ń wí bí ó bá ti ń tẹ itan mi, "àfi èyí tó bá kàwé." Bí mo bá ké, á ní kí n ké dáadáa kí máńgòrò lè gbọ́.

Okpomèta, abúlé kan ní agbègbè Kétu, ni ilé wa, ilé ẹ̀kọ́ sì jìnnà sí wa dáadáa. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ dá kò lè gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, Bàbá mi kò sì ní alùpùpù. Ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí a ń pè ní dirẹktẹ́ọ̀, láti sọ fún un pé ó parí. Dirẹktẹ́ọ̀ ní kò parí. Ó ní bí mo bá lè fi ilé kẹ́kọ̀ọ́, kí n wá jókòó ṣe ìdánwò mátì àti fisíìkì ní òpin ọdún. Bí mo bá yege, màá bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí kíláàsì tó kàn. Bàbá padà wálé, ó sọ ọ́ fún mi, ó sì fi tirẹ̀ kún un: bí mo bá kùnà, kò ní sí ọdún kejì. Òun á mú mi lọ sọ́dọ̀ kutiríyẹ̀, obìnrin tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà, kí n lọ kọ́ṣẹ́. "Ẹsẹ̀ kan tó láti fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ," ni ó wí. Kò wí i láti fi bú mi. Ó ti jókòó ro ó ni.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọmọ àbúrò Bàbá mi máa ń da ẹ̀kọ́ inú kàyé rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kọ fún mi, ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí, kàyé rẹ̀ sì ń fi hàn. Ìlà kan á wà níbẹ̀, ìlà kejì á ti fò. Bí Bàbá àti Ìyá bá ti lọ sóko ẹ̀pà, agbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹyẹlé nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórí páànù. Màá fi ọ̀pá tiro, màá wọ́ àga lọ sábẹ́ igi tó ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀, torí pé abẹ́ rẹ̀ nìkan ni ibòji tó dára wà, màá sì máa ka ìwé sókè fún ewúrẹ́ Ìyá mi. Ewúrẹ́ náà gbọ́ nípa agbára àti ìwúwo ju àwọn ọmọ kíláàsì wa lọ. Mò ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nísinsìnyí ni o. Nígbà náà, mo máa ń sunkún. Ó máa ń ṣe mí bíi pé gbogbo ayé ti lọ sóko, wọ́n sì gbàgbé mi sílé.

Ọgbẹ́ orúnkún tí mo gbà níbi tí mo ti já bọ́, tí kò tètè jinná, ló mú Tántì Fẹ́lì wá. Felisité ni orúkọ rẹ̀ gangan, Tántì ni a ń pe ẹni tó bá tó àǹtí ẹni. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn abúlé wa, ọmọ Kétu ni, kò tíì lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé yàrá kan tí ìjọba kọ́ sẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó wá pààrọ̀ báńdéèjì mi ní ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú kàyé mi. Ó gbé e, ó kà á, ó sì bojú jẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ ní irọ́ tó pọ̀ tó báyìí?"

Mo ní ọmọ àbúrò Bàbá mi ni.

"Kí Ọlọ́run dárí jì í," ni ó wí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì mú bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá. Bí ọjà bá ná lónìí, gbogbo aláìsàn a máa fi ọjọ́ náà wá sí ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n bá ti tajà tán. Nítorí náà, ọjọ́ kejì ọjà ni ọwọ́ Tántì máa ń dilẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni tèmi. Bó bá fẹ́ máa lọ, á gbé akoto alùpùpù rẹ̀ dé, á sì wí pé, "Màá padà wá ní ọrún." Bí a ṣe ń ka ọrún nílẹ̀ wa, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Òní gan-an ni a fi ń ṣe oókan. Ọ̀la ni eéjì, ọ̀túnla ni ẹẹ́ta, títí tí ọjọ́ karùn-ún á fi pé. Èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí ariwo alùpùpù rẹ̀ tó lọ tán. Mo fẹ́ràn pé mo lè fi ọjọ́ tó lọ náà ṣe oókan. Ó ń jẹ́ kí ó dà bíi pé mo ti jẹ díẹ̀ nínú ìdúró náà.

Bó ṣe ń kọ́ mi yàtọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́. Kò ní kàn sọ pé báyìí ló rí. Á bèèrè ìdí tí Ìyá mi fi máa ń di ọwọ́ ọmọ odó mú níbi tó ti ń dì í mú, á sì fi ìyẹn wọ inú fisíìkì. Ní ọ̀sán kan, ó ní kí n yá okùn ìwọ̀n wá lọ́wọ́ kutiríyẹ̀, ẹni tí Bàbá fẹ́ fi mí fún. Ọmọ àbúrò Bàbá mi ló lọ gbà á wá. Tántì fi í wọn okùn kan tó gùn ní mítà kan, ó so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì fi í kọ́ ẹ̀ka máńgòrò tó wà nísàlẹ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi.

"Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí o jù ú sílẹ̀. Kí ó lọ kí ó bọ̀, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Kà á kó pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí o wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà. Ní ọrún, kí o sọ fún mi."

Ìwé sọ pé ogún ìṣẹ́jú àáyá ló yẹ kí n rí, tàbí kó fi díẹ̀ ré e kọjá. Méjìdínlógún ni mo rí. Mo tún un ṣe, méjìdínlógún. Mo pààrọ̀ òkúta, mo tún okùn wọ̀n, mo gbé e kúrò lára igi mo gbé e kọ́ òpó ilé ìdáná, nítorí pé ọkàn mi ń sọ pé igi náà kórìíra mi. Méjìdínlógún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá òkúta náà jà. Kò sí ẹni tí mo lè bi. Bàbá wò ó, ó ní ó ń fì dáadáa. Ìyá jókòó tì mí, ó bá mi kà á, òun náà sì rí méjìdínlógún. Ó wá wò mí bí ẹni tó ti dájọ́ tán. "Ìwé ló parọ́," ni ó wí. Mo gbà á gbọ́. Mo kọ ọ́ sínú kàyé mi, tìgboyà-tìgboyà, pé ìwé parọ́.

Nígbà tí Tántì dé, ó kà á. Ó ní kí n ṣe é lójú òun. Mo fa òkúta, mo jù ú sílẹ̀, mo sì pariwo "oókan!" Ó lọ, ó bọ̀, mo ní "eéjì!" Kí n tó dé ẹẹ́ta, Tántì ti jókòó sórí odó, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń jáde lójú rẹ̀.

"Abẹ̀ní, ọjà lò ń kà! Òkúta tí kò tíì rin ibì kankan, o ti fún un ní oókan. Nígbà tí o bá máa fi pe ẹẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án péré ló tíì lọ. Òdo ni kí o pè nígbà tí o bá jù ú sílẹ̀."

Ìyá mi gbọ́ láti ibi tó ti ń pa ẹ̀pà. "Òdo kẹ̀? Ta ní í ka ohun tí kò sí?"

"Àwọn tó ń ka aago ni, Ìyá," ni Tántì wí. Ó nu ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà níwọ̀n rẹ. Olùkọ́ wa kì í ṣe ará ibí, ó na ọwọ́ mi, ó pè mí ní olódo. Kò mọ ibi tí mo ti rí i, èmi náà ò mọ̀."

Ó dúró di ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ náà. Ó bá wa jẹ àkàsà àti ẹja, ó sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí n ti aago náà bọ ọwọ́ mi sùn. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Ní ọrún tó tẹ̀ lé e, mo ti parí gbogbo iṣẹ́ tó fún mi. Ó ṣí kàyé, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí àṣìṣe kan. "Ó ti yé ọ," ni ó wí, inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní aṣọ pọ̀ tí òun fẹ́ fọ̀. Ó gbé akoto rẹ̀ dé, ó lọ. Oòrùn ò tíì kúrò láàárín orí. Mo jókòó sábẹ́ igi náà ní gbogbo ọ̀sán, mo sì rò ó títí: ohun tí mo bá mọ̀ ni yóò máa lé e lọ.

Ẹ má bínú sí ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà. Èmi ti bínú sí i tó. Ní ọrún kejì, mo fa òkúta náà, mo jù ú sílẹ̀, mo sì tún pariwo "oókan." Tántì wojú mi, ó fa àpótí rẹ̀, ó sì tún jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe bí ẹni ń hun ẹní. Iṣẹ́ kékeré kọ́ o. Kí ènìyàn tó lè ṣì í lọ́nà tí ẹni tó gbọ́n á fi gbà á gbọ́, ó ní láti mọ̀ ọ́n dáadáa. Màá kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ sínú kàyé kan tí mo ń fi pa mọ́ sábẹ́ ẹní mi, lẹ́yìn náà ni màá wá kọ èyí tó wọ́ sínú kàyé Tántì. Màá bèèrè ohun tí mo mọ̀. Màá tún un bèèrè. Ìyá mi, bí ó bá ń gbọ́ mi, a máa mi orí pẹ̀lú ìdùnnú. "Abèèrè kì í ṣìnà," ni ó máa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà máa ń wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún, ṣùgbọ́n n kò dákẹ́. Tántì á ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ á kún agbo ilé, oòrùn á sì máa lọ.

Mo rí i pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mú kó tó dá mi lóhùn. Mo rò pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni.

Nígbà tí ìdánwò ku bí ọrún mẹ́rin, Tántì kò kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni ó lọ, níbi tó ti ń tún ọkọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò mọ̀ pé mo ń gbọ́ wọn láti inú yàrá.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ọmọ náà ní làákàyè, àmọ́ ẹ̀kọ́ ò dúró nínú rẹ̀. Ó máa ń yé e lónìí, ní ọrún, ó ti tú dànù. Bó bá lọ jókòó ìdánwò yìí, ojú á tì í. Bóyá èmi ni mi ò mọ ọ̀nà tó yẹ kí n gbà kọ́ ọ."

Bàbá gbé ọkọ́ náà kalẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. O ti gbìyànjú. Ní ọ̀la, màá lọ rí kutiríyẹ̀."

Mo kọ́kọ́ ronú pé kí n dákẹ́. Ẹ ò rí i bí èrò ọmọdé ṣe rí: mò ń wò ó bóyá Tántì á ṣì máa wá kí mi ní ilé aránṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí alùpùpù rẹ̀ dáhùn. N kò mọ bí mo ṣe dé ìdí ẹní mi. Mo fa kàyé tí mo fi pa mọ́ yọ, mo mú ọ̀pá mi, mo sì ń tiro lọ sẹ́nu ọ̀nà, mò ń pariwo, "Tántì, ẹ dúró! Tántì, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó pa alùpùpù náà. Mo na kàyé sí i. Ó ṣí i lórí ìjókòó alùpùpù, ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó wá ń ṣí i kíákíá. Gbogbo rẹ̀ pé. Gbogbo ohun tó ti ń fi ẹnu rẹ̀ gbígbẹ ṣàlàyé láti ọjọ́ yìí wá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi, láìsí àṣìṣe kan.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ ní ẹ fẹ́ lọ fọṣọ."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó sàn kí ó gbá mi. Ó di kàyé náà, ó sì ń wo iwájú.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún bàbá rẹ pé o ò mọ nǹkan kan. Mo ti ń jí lóru, mò ń bi ara mi pé kí ló ṣe mí tí n kò fi lè kọ́ ọmọ kan." Ó wá yíjú sí mi. "Abẹ̀ní, ṣé o ò kàn lè sọ pé Tántì, ẹ jókòó tì mí ni? Èmi tí mò ń dá gbé yàrá? Ṣé màá ní rárá ni?"

Títí di òní, mo ṣì ń wá èsì ìbéèrè náà.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà lọ bá Bàbá. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣì í wò. Ẹ jẹ́ ó lọ ṣe ìdánwò rẹ̀." Kò sọ fún un pé mo parọ́. Nígbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ mi, mo bọ́ aago rẹ̀ fún un, ó gbà á. Kò sọ pé òun ń bọ̀ ní ọrún.

Mo yege. Bàbá yá alùpùpù ẹnì kan, ó fi gbé mi lọ ṣe ìdánwò, ó sì fi gbé mi bọ̀; nígbà tí èsì dé, kò sọ ohun kan ju pé kutiríyẹ̀ á wá ọmọ mìíràn. Ìyá mi gbé abọ́ ẹ̀pà kan fún mi pé kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tántì. Nígbà tí mo tiro dé ilé ìwòsàn, obìnrin mìíràn ló jókòó sórí àga rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì àtijọ́ lọ síbòmíràn, òun ò sì mọ ibẹ̀. Mo gbé ẹ̀pà náà padà. Ní kíláàsì tuntun, àwọn ẹgbẹ́ mi ti yan ẹni tí wọ́n ń bá jókòó. Mo jókòó sẹ́yìn, mo sì ń gba máàkì tó dára.

Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Pọ̀bẹ̀ ni mò ń gbé, fisíìkì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, èmi nìkan ni mo sì wà nínú ilé mi. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo máa ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọ tí kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìdòwú, ọmọbìnrin kan ní Adakplamè tí àìsàn máa ń jẹ ní egungun. Orí ọmọ náà pé. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò fi ní, "Ó ti yé mi, Tántì. Ẹ ṣeun." Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, èmi á ní kí ó má kánjú, ó kù díẹ̀, kí a tún ṣe ọ̀kan sí i. Màá wá máa ṣí ìwé kiri, màá máa wá ìṣirò tí kò nílò rárá.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ní kí ó tún iṣẹ́ kan ṣe fún ìgbà kẹta. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, "Tántì, èyí ti yé mi láti ọjọ́ Ajé. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi ẹsẹ̀ kan àti ọ̀pá tiro dé ẹnu ọ̀nà lọ jẹ́wọ́, mo wá a nínú ara mi, n kò rí i. Ẹsẹ̀ mi ti jinná báyìí, méjèèjì ni mo fi ń rìn. Mo sọ fún Ìdòwú pé àlejò wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń dúró dè mí, mo sì pa fóònù náà.